Ọjọ́ Tí Omi Gbé Làmídì Gòkè Wá Bá Wa

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa ọdún yẹn kì í ṣe ohun tí mo gbọ́, bí kò ṣe ohun tí n kò gbọ́ mọ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ní agbo ilé wa ní Ọ̀yọ́, ọ̀bẹ Bàbá Àgbà ló máa ń jí mi. Igbá ni wọ́n ń fín. Kí ìyá mi tó dáná, kí àwọn ewúrẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwo kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, igbá kan láàárín orúnkún méjèèjì, ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún, a ó sì máa gbọ́ hàrà, hàrà, hàrà, bí ìgbà tí eku ń jẹ àgbàdo nínú àká. Lọ́dún yẹn, àìsàn kan mú wọn lápá ọ̀tún. Apá náà kò kú, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n, kò sì lè di ọ̀bẹ mú mọ́. Ariwo yòókù nínú ilé kò dín: odó ń dún, rédíò bàbá mi ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ kéú ń ké lẹ́yìn ògiri. Síbẹ̀, gbogbo wa ń rìn káàkiri bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbì kan tí kò sì mọ ohun tó gbàgbé. Ìyá Àgbà á gbálẹ̀ tán, wọ́n á tún un gbá. Ìyá mi á gbé ìkòkò kaná, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á bi mí pé kí ni àwọn fẹ́ sè. Mo ti kàwé jáde báyìí, wọ́n sì kọ́ mi nílé ìwé pé kí n má ṣe so ohun méjì pọ̀ kìkì nítorí pé wọ́n ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà. N kò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀bẹ tó dákẹ́ ló fa àìfararọ wa. Mo kàn mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ dé ni.

Ohun mìíràn tí kò sí nílé ni Làmídì. Àbúrò bàbá mi ni, òun sì ni Ìyá Àgbà bí kẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ igbá fínfín ní àdúgbò wa ló gbà pé nínú àwọn ọmọ Bàbá Àgbà, ọwọ́ rẹ̀ ló dára jù. Bàbá mi tó jẹ́ tíṣà kò lè fín igbá tó ṣeé bu omi mu. N kò sí ní Ọjà Akẹ̀sán lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀, ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, wọn kò sì bára mu délẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bára mu ni pé obìnrin kan ná igbá títí, ó gbé e sílẹ̀, ó lọ ra ike lódìkejì. Làmídì wá sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà pé igbá ti di ohun àná, pé ike ló layé báyìí. Bàbá Àgbà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó má jẹun nínú igbá àwọn mọ́. Ìyá Àgbà ní jẹ́jẹ́ ni Bàbá sọ ọ́. Bàbá mi ní wọ́n pariwo débi pé àwọn alágbàtà dìde dúró. Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, Làmídì ti lọ. A gbọ́ pé ó wà ní Jọ́ọ̀sì, a tún gbọ́ pé ó wà ní Lọ́kọ́jà, lẹ́yìn náà a gbọ́ pé inú ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣiṣẹ́ lórí Odò Ọya. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ níbi tí Bàbá Àgbà wà. Bí Ìyá Àgbà bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n á kàn sọ fún ògiri pé bí ọmọ ẹni bá burú títí, a kì í fi fún ẹkùn pa jẹ.

Ìyá mi kò ní ìṣòro dídárúkọ rẹ̀, nítorí pé wọn kò dárúkọ rẹ̀ rí. Nílé wa, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá lójú ayé lórúkọ, ìyẹn ọmọ tí wọ́n ti bí sílé kí wọ́n tó gbé òun ìyàwó wọlé, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọkọ ló jẹ́ fún un. Ìyàwó á wò ó, á sì fún un ní orúkọ tirẹ̀, ohun tó bá rí lára rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi wọlé, Làmídì ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé, awọ ara rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán bí ẹni fi òróró pa á. Adúmáadán ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn ìyàwó yòókù nínú agbo ilé ní orúkọ tí àwọn náà ń pè é, ṣùgbọ́n Adúmáadán, ẹnu ìyá mi nìkan ló ti ń jáde. Orúkọ yìí ni wọ́n fi ń pè é wá jẹun, òun ni wọ́n fi ń bá a wí nígbà tó bá kó eruku wọlé, òun ni wọ́n sì ń pè láti inú ilé ìdáná bí omi bá tán. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ẹni méjì ni.

Ìròyìn tó gbé wa dìde ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ọmọ ibẹ̀ ni ìyá mi. Ìyá wọn máa ń ra ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ Àlájì kan ní Sábó, ọkùnrin tó ń lọ kó ẹja láti etí Odò Ọya. Àlájì sọ pé òun rí ọmọ Ọ̀yọ́ kan nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹrù gòkè odò, ọmọ dúdú tó ń fi ọ̀bẹ fín apá àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ nígbà tí kò bá níṣẹ́. Ó ní ọkọ̀ náà máa gba ibi tí ìjọba ti sé odò lẹ́bàá Jẹ́bbà kọjá lọ́jọ́ Sátidé, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Bàbá mi bi ìyá mi léèrè pé báwo ni Àlájì ṣe mọ̀ pé Làmídì ni. Ìyá mi ní àwọn kò sọ pé Àlájì mọ̀. Ẹ̀rí náà kò lágbára, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ti dìde kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀, wọ́n ti ń wá gèlè. Wọ́n fẹ́ kí Làmídì wá fojú kan bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń fẹ́ lọ́dún yẹn.

Bàbá Àgbà kò béèrè ibi tí à ń lọ. Bàbá mi sọ fún wọn pé òun fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gba ìsédò kọjá, pé ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n ní ó dáa. Nígbà tí à ń kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbé igbá kan jáde, wọ́n gbé e lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́, wọ́n sì padà wọlé. Igbá náà tóbi tó orí àgbàlagbà. Apá kan rẹ̀ ti di fífín. Apá kejì funfun gbòò, kò sí ojú ọ̀bẹ kankan níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú èyí, bàbá mi ti fi ẹfun ya ìsédò náà sórí ilẹ̀ fún wa. Wọn kò tíì débẹ̀ rí, inú ìwé ni wọ́n ti kà á. Wọ́n ní òkè ìsédò ga, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn, ọkọ̀ kò sì lè fò. Nítorí náà, wọ́n kọ́ yàrá gígùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yàrá tí kò ní òrùlé, tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé látìsàlẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, wọ́n á sì jẹ́ kí omi máa wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi léfòó dé òkè, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún un. Ìyá Àgbà wo ẹfun náà títí.

“Tíṣà,” ni wọ́n wí, “omi tó ń gòkè yìí, ta ló ń rán an?”

Bàbá mi ní kò sẹ́ni tó ń rán an, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ibi tí yóò kún. Ìyá Àgbà ní àwọn ti bí ọmọ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ ìjàpá bàbá mi ló gbé wa, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn tó sì máa ń gbóná bí ààrò. Ìyá Àgbà jókòó síwájú pẹ̀lú igbá lórí ẹsẹ̀; èmi, ìyá mi àti Gàní àbúrò mi wà lẹ́yìn. A sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ nílé ìyá ìyá mi, bí a bá lè pe èyí ní oorun. Ilé náà ń run máńgòrò tó ti pọ́n jù àti ẹja gbígbẹ. Bàbá mi lọ bá Àlájì ní Sábó kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní Àlájì sọ pé Sátidé ni, àmọ́ ó lè jẹ́ Sọ́ńdè, pé odò kì í wo kàlẹ́ńdà. Ìyá Àgbà kò jókòó láti ìgbà náà. Wọ́n ń yí àgbàlá ká, wọ́n ń bá àwọn adìyẹ ilé onílé jà. Ìyá ìyá mi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá jẹ ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, wọ́n ní àwọn ti yó. N kò rí ìgbà tí wọ́n jẹ nǹkan kan.

Kí oòrùn tó mú, a ti kọjá Ìlọrin, a sì dé ẹ̀bá Odò Ọya nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Ọlọ́dẹ kan wà níbẹ̀, ọkùnrin gíga tó ń sọ Yorùbá bí ará Jẹ́bbà. Bàbá mi kí i, wọ́n ní àwọn kó ọmọ wá kẹ́kọ̀ọ́. Ó wo Ìyá Àgbà, ó wo igbá, ó ní kí a dúró lẹ́yìn irin tí wọ́n fi ṣe ọgbà sórí ògiri. Mo yọjú wo ìsàlẹ̀. Bí ẹni yọjú sínú kànga ni, ṣùgbọ́n kànga tó gùn bí òpópónà: ògiri kọnkéré lọ́tùn-ún àti lósì, àwọ̀ ewéko lára wọn, omi dúdú nísàlẹ̀ pátápátá, àti ilẹ̀kùn irin ńlá méjì tí wọ́n tì gbọn-in. Ohun tí bàbá mi fi ẹfun yà kò purọ́, ó kàn kéré ni. Mo rántí pé mo rò ó pé ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ yẹn kò ní rí ibi sá sí.

A dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn kúrú, ṣùgbọ́n ohun tó kó sínú pọ̀. Oòrùn gun orí wa. Gàní ń ju òkúta sínú omi, ọlọ́dẹ ń bá a wí, ó ń dáwọ́ dúró, ó ń tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ṣàlàyé ilẹ̀kùn irin náà fún wa, wọ́n tún ṣàlàyé rẹ̀ fún ọlọ́dẹ tó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣí i lójoojúmọ́, ìyẹn sì ń mi orí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ìyá mi tú ìró wọn, wọ́n tún un ró, wọ́n tún un tú. Ìyá Àgbà ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ irin dé òpin rẹ̀, wọ́n ń padà, igbá lábẹ́ apá. A kírun Àyìlà lórí koríko. Bàbá mi bi ọlọ́dẹ bóyá ọkọ̀ kan máa wá. Ó ní àwọn gbọ́ pé ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n pé ẹni tó gbọ́ kò tíì rí. Nígbà tó ṣe, bàbá mi sọ fún ìyá mi, ní ohùn ìsàlẹ̀, pé bí ọkọ̀ náà kò bá dé kí a tó kírun Àlàásárì, a ó padà, nítorí iná ọkọ̀ ìjàpá kò dára lálẹ́. Ìyá mi ní kí wọ́n lọ sọ ọ́ fún ìyá wọn. Bàbá mi kò lọ.

Ariwo ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ kan yọ nísàlẹ̀ odò, ọkọ̀ gígùn, pẹrẹsẹ, tí àpò ajílẹ̀ kún inú rẹ̀, tí ó sì ń rìn bí ẹni tó ti rẹ̀. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí fún un, ó rọra wọ inú yàrá omi náà, ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn rẹ̀. Láti òkè tí a wà, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kéré bí ìka. Ọ̀kan nínú wọn ń so okùn mọ́ irin ara ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa. Ìyá Àgbà di irin mú.

“Òun ni,” ni wọ́n wí. “Bó ṣe ń fi èjìká fa nǹkan nìyẹn.”

Bàbá mi pè é: Làmídì. Kò wòkè. Wọ́n tún pè é, ohùn wọn sì ń kọ lára ògiri. Ìyá Àgbà pè é ní Àkànní, wọ́n kì í, wọ́n dárúkọ baba ńlá wọn fún un, títí ohùn wọn fi ha. Ọkùnrin náà ń so okùn rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn nínú ọkọ̀ ti gbójú sókè, wọ́n ń wo àwa aṣiwèrè tó wà lórí ògiri. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wò láti ìgbà náà. Ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kó gbọ́. Ó lè jẹ́ pé kì í ṣe òun, pé Ìyá Àgbà ń rí èjìká tí ojú wọn ń fẹ́ rí. Ó sì lè jẹ́ pé ó gbọ́, tí kò fẹ́ gbọ́. Bàbá mi ti fi irin sílẹ̀, wọ́n sì ti ń sọ pé Àlájì ṣì ènìyàn mú.

Ìyá mi ni kò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n sún mọ́ irin, wọ́n sì pè é, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe máa ń pè é láti inú ilé ìdáná nígbà tí oúnjẹ bá jinná.

“Adúmáadán o.”

Orí rẹ̀ gbé sókè. Ohun tí mo lè búra lé nìyí nínú gbogbo ìtàn yìí: orí rẹ̀ gbé sókè kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé ó gbé e. Nígbà tó rí wa, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn irin ti padé ní ìhà méjèèjì. Omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

N kò rí ohun tó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ rí. Omi náà kò pariwo. Ó kàn ń hó díẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ bí ìkòkò tó fẹ́ gbóná, ọkọ̀ náà sì ń gòkè, àti Làmídì pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń tú okùn, ó ń so ó mọ́ irin tó ga jù, ó ń tú u, ó ń so ó, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó fojú pamọ́. Ó kọ́kọ́ ga tó ọmọdé lójú wa, lẹ́yìn náà mo rí àpá ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà mo rí i pé ó ti rù. Ìyá Àgbà kò pè é mọ́. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wo omi tó ń gbé ọmọ wọn bọ̀. Nígbà tí àyà rẹ̀ dé ọ̀gangan ẹsẹ̀ wa, ó dọ̀bálẹ̀ lórí àwọn àpò ajílẹ̀.

“Ṣé o ti jẹun?” ni Ìyá Àgbà bi í.

Ó ní òun ti jẹun. Ó kí bàbá mi, ó kí ìyá mi, ó béèrè bí èmi ni Rìsí. Kò béèrè Bàbá. Ìyá Àgbà ní apá ọ̀tún bàbá rẹ̀ ti kọ iṣẹ́. Ó wolẹ̀.

“Ṣé àwọn ló ní kí ẹ wá pè mí?”

“Wọn ò sọ nǹkan kan. Èyí ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.”

Wọ́n na igbá náà sí i lórí irin, ọlọ́dẹ sì yára di ìró wọn mú lẹ́yìn kí wọ́n má baà bá igbá lọ. Làmídì gbà á. Ó fi àtàǹpàkò tọ ipa ọ̀bẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń yí igbá náà bọ̀, títí ó fi dé ibi tí fífín náà ti pin. Níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ìlà tó gbẹ̀yìn kò tọ́. Ó wọ́, ó já, ó tún bẹ̀rẹ̀ síbi tí kò yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, bí ìlà tí ọmọdé fà. Kò sẹ́ni nínú wa tó ti kíyè sí i. A ti gbé igbá náà láti Ọ̀yọ́, apá tó funfun nìkan la ń wò.

“Ṣé báyìí ni ọwọ́ wọn rí?” ni ó wí.

Ìyá Àgbà ní báyìí ni. Wọ́n bi í pé ìgbà wo ni yóò wá. Ilẹ̀kùn iwájú ti ń ṣí, ọ̀gá ọkọ̀ sì ké láti ẹ̀yìn pé, “Ọ̀yọ́, tú okùn.” Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ nìyẹn. Ó gbé igbá náà sáàárín àpò méjì, ó tú okùn, ọkọ̀ sì gbé e jáde sínú omi gbalasa tó wà lókè.

Nígbà tí a dé ilé, Bàbá Àgbà béèrè pé igbá náà ńkọ́. Ìyá Àgbà ní ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Àgbà ní hẹn. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti ní ìtàn kan, wọ́n sì ń sọ ọ́ dòní: pé láti inú ihò omi ni ọmọ ti gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà ń sọ ọ́, bàbá mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sọ ọ́, n kò sì gbà pé wọ́n ń purọ́. Mo rò pé ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń rántí. Mo bi ìyá mi léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọn kì í tún un ṣe. Wọ́n ń yan gààrí lọ́wọ́. Wọ́n bi mí pé èwo ló ṣe pàtàkì nínú kó gbọ́ àti ẹni tó pè é. Mo ní méjèèjì. Wọ́n ní ìwé ló ń dà mí láàmú.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni ìdúró mìíràn, ó sì le ju ti orí ògiri lọ, nítorí kò sí ẹ́ńjìnnì tí à ń retí láti gbọ́. Ọyẹ́ dé, ètè wa la. Bí ọkọ̀ bá fọn fèrè lójú títì, Ìyá Àgbà á dìde. Wọ́n ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀, èmi àti Gàní sì ń jẹ ẹ́ láàárọ̀. Bàbá Àgbà kò lè dìde fún ìrun mọ́. Ìjókòó ni wọ́n ti ń kí i. Bàbá mi ti ń sọ pé àwọn á tún lọ sí Jẹ́bbà, ṣùgbọ́n Àlájì ní ọkọ̀ náà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ padà.

Làmídì dé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, nígbà tí àwọn ọkùnrin ṣì wà ní mọ́ṣáláṣí. Èmi àti ìyá mi nìkan la wà nínú ilé ìdáná. Mo rí òjìji kan lẹ́nu ọ̀nà, mo gbójú sókè, òun ni, eruku ọ̀nà lára aṣọ rẹ̀, igbá lábẹ́ apá. Apá tó funfun ti kún. Wọ́n máa ń fi igbá náà han àlejò báyìí, wọ́n á ní ọkọ̀ ojú omi ló fín síbẹ̀, àti ilẹ̀kùn méjì. Mo ti wò ó dáadáa, ó jọ ọ̀nì lójú mi. Ìlà tó wọ́ ni kò tún ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti ibi tí ìlà náà ti já, ó sì ń bá a lọ.

Yàrá Bàbá Àgbà kò jìnnà sí ilé ìdáná. Làmídì wo ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sún mọ́ ọn. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí omi kò tíì gbé dókè. Ó ní, “Ìyàwó, tún un pè kí n gbọ́.”

Ìyá mi kò yíjú kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé ohùn sókè ju bó ti yẹ lọ fún ẹni tó dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ní, “Adúmáadán o.”

Kó tó dáhùn, ohùn kan ti dáhùn láti inú yàrá.

“Ẹ ní kó gbé igbá náà wọlé wá, kí n wo ohun tó fín sí i.”